Owó Ilẹ̀ Ló Ń Gòkè, Àbí Náírà Ló Ń Wálẹ̀?

 

Ọ̀rọ̀ kan wà lórí gúrúùpù wa tí kì í tán: iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀. Ẹnìkan á ní wọ́n ti ń pe pulọ́ọ̀tì kan ní Basin ní mílíọ̀nù báyìí báyìí. Òmíràn á fèsì pé ẹni tó rà á nígbà náà lọ́hùn-ún ti jèrè. Ẹ̀gbọ́n kan láti òkè òkun á ní kí wọ́n fi nọ́ńbà ajẹ́ńtì ránṣẹ́ sí òun. Àwa ọ̀dọ́ á kàn kà á, a ò ní sọ nǹkan kan, torí pé owó ilé ọdún kan ṣoṣo gan-an ń kọ wá lóminú, ká má tíì sọ ti pulọ́ọ̀tì.

Gbogbo wa la ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iye owó ilẹ̀ kàn máa ń gòkè fúnra rẹ̀, bí odò ṣe máa ń kún nígbà òjò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tó ń gbé e sókè, ó sì ní ọdún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn yẹn á mọ ìgbà tí wọ́n ń kówó gidi fún un àti ìgbà tí wọ́n kàn ń ka bébà sí i lọ́wọ́. Àwọn ìdílé wa ṣì ń ta ilẹ̀ lọ́sẹ̀ tí mò ń kọ èyí, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé kò yẹ kó dúró di ìgbà mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Èkó. Kì í ṣe pé Èkó ju Ìlọrin lọ o, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti kọ́kọ́ di ọjà oníwèé ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Lọ́dún 1861, àwọn òyìnbó gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùmú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn èèyàn ní ìwé lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé. Ìwé yẹn ló yí gbogbo nǹkan padà. Ilẹ̀ tí ẹbí kàn ń gbé lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí èèyàn lè fi yáwó, tó lè tà fún àjèjì, tí ilé ẹjọ́ sì lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá jẹ gbèsè. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá ní 1913, Olóyè Àmọ́dù Tìjání, tó jẹ́ Olúwa nígbà náà, kò gbà kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a rìn. Ní 1921, àwọn adájọ́ Privy Council dá a láre: wọ́n ní gbígbà tí ọba òyìnbó gba Èkó kò sọ pé ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, ìjọba sì gbọ́dọ̀ san owó ilẹ̀ náà fún wọn bí ẹni tó ń ra nǹkan lọ́wọ́ olówó rẹ̀.

Níbi tiwa ńkọ́? Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin ní 1897, nígbà tí ọdún 1900 sì wọlé, wọ́n ti kà wá mọ́ Àríwá. Èdè wa jẹ́ Yorùbá, òfin ilẹ̀ wa di ti Àríwá. Ní 1910, òfin Land and Native Rights jáde. Ó ní gbogbo ilẹ̀ Àríwá wà lábẹ́ ìṣàkóso gómìnà, fún ìlò àwọn ọmọ ilẹ̀ náà, àti pé àjèjì kankan ò gbọdọ̀ gba ilẹ̀ láìjẹ́ pé gómìnà fọwọ́ sí i. Ní 1962, ìjọba Àríwá ní Kàdúná tún òfin yìí ṣe, wọ́n sì pè é ní Land Tenure Law. Lábẹ́ òfin wọ̀nyí, èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀. Kò ní ilẹ̀ gan-an tó lè gbé sórí igbá tà. Ní ìgbèríko, àwọn Balógun, àwọn Mógàjí àti àwọn Alángùá ló ń darí ẹni tó ń dáko síbi báyìí, ohun tó sì ń wọlé lórí ilẹ̀ ni ìṣákọ́lẹ̀.

Ẹ máa gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé òfin Àríwá yẹn ló dáàbò bò wá lọ́wọ́ àwọn olówó Èkó. Òótọ́ wà níbẹ̀, torí pé ó pẹ́ gan-an kí ilẹ̀ Ìlọrin tó di ohun tí àlejò ń figa gbága lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ẹjọ́ tí Olúwa jà tó fi borí, àwọn bàbá wa ò lè jà á, torí òfin ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ wà. Ní tèmi o, òfin tó ń ṣọ́ ẹrù ẹ kí olè má jí i, tí òun fúnra rẹ̀ sì lè gbé e lọ nígbà tó bá wù ú, kì í ṣe ààbò ní kíkún.

Ìgbà tí ìyẹn wá hàn kedere ni ìgbà tí ìjọba dé Ìlọrin pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, Ọ̀gágun Gowon dá ìpínlẹ̀ 12 sílẹ̀. West Central State ni wọ́n kọ́kọ́ pe tiwa kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Kwara, Ìlọrin sì di olú-ìlú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń ti Ọ̀fà, Kàbbà, Lọ́kọ́ja àti Bọ̀rgú wá, gbogbo wọn ló nílò ibi tí wọ́n máa sùn. Látijọ́, ilé ní Ìlọrin jẹ́ agboolé: èèyàn kì í san owó oṣù nínú ilé bàbá rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ló mú ilé rẹ́ǹtì gbilẹ̀ láàárín wa. Ohun tí ìjọba fi dáhùn ni àwọn ẹ̀sìtéètì bíi Adéwọlé àti Kulende, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá ilé pọ̀ ju iye ilé tí wọ́n kọ́ lọ.

Owó epo sì dé. Lẹ́yìn tí a ti fi pọ́ùn àti ṣílè sílẹ̀ fún náírà ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1973, tí pọ́ùn kan di náírà méjì, iye owó epo rọ̀bì fò sókè lágbàáyé. Ní ìparí 1974, ìjọba gba àbá Udoji lórí owó oṣù, wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní 1975. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ṣì ń rántí: owó Udoji kò tíì délé tí lándíọ́ọ̀dù fi ti fi kún owó ilé. Ìyẹn wà lára àwọn ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà pariwo owó ilé. Ìjọba àpapọ̀ ti dá Federal Housing Authority sílẹ̀ ní 1973. Nínú ètò ọdún 1975 sí 1980, wọ́n ní àwọn máa kọ́ ilé 202,000: 50,000 ní Èkó, 8,000 ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó kù. Èyí tí wọ́n rí kọ́ kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Nígbà ìjọba Shagari, wọ́n tún pinnu láti máa kọ́ 40,000 lọ́dún. Ẹ ti rí àwọn ilé Shagari kéékèèké yẹn káàkiri Nàìjíríà, ẹ sì ti rí àwọn tí wọ́n kàn ṣe ìpìlẹ̀ wọn tí igbó bò.

Ní ti adúgbò wa, ọdún tí mo máa ń fi ṣe ìpìlẹ̀ ni 1976. Ẹ gbọ́ orúkọ wa ná: Basin. Kò sí bàbá ńlá kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ní Ìlọrin, ilé iṣẹ́ Lower Niger River Basin Development Authority, tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà nílùú yìí, ló máa kọ́kọ́ rántí. Òfin 1976 ló fi ẹsẹ̀ irú àwọn àjọ bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, fún omi àti iṣẹ́ oko. Ọdún yẹn náà ni Yunifásítì Ìlọrin gba akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Igba péré ni wọ́n, nínú ọgbà tí à ń pè ní Mini Campus lónìí. Nígbà tí yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí ọgbà ńlá ní 1982, ọ̀nà Tanke di ọ̀nà tí gbogbo ẹsẹ̀ ń gbà. Hẹ́kítà ilẹ̀ tí wọ́n fún yunifásítì tó bíi 15,000. Ilẹ̀ tó tóbi báyẹn kì í ṣe aṣálẹ̀, àwọn èèyàn ń dáko lórí rẹ̀.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé Land Use Decree jáde, wọ́n sì so ó mọ́ ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1979 kó má bàa rọrùn láti yí padà. Ohun tí òfin yẹn ṣe ni pé ó mú ìlànà Àríwá, èyí tí àwa ti ń gbé lábẹ́ rẹ̀ látọjọ́ 1910, ó sì nà án dé Èkó, Ìbàdàn, Bìní àti gbogbo Gúúsù. Gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ gómìnà. Ilẹ̀ ìgboro tí ẹnìkan ò tíì kọ́ nǹkan sí, òfin ò fẹ́ kó ní ju ìdajì hẹ́kítà lọ. Tí ẹ bá fi pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 tí a mọ̀ wọ̀n ọ́n, ìdajì hẹ́kítà jẹ́ pulọ́ọ̀tì 10 ó lé díẹ̀. Tí ìjọba bá sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, ohun tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n ń san owó rẹ̀, ìyẹn ilé, igi, àti irè oko. Wọn kì í san iye tí ilẹ̀ náà ń lọ lọ́jà. Àgbẹ̀ tó ní igi òrombó mẹ́wàá gba owó òrombó mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n bá pín ilẹ̀ kan náà fún ẹlòmíì pẹ̀lú C of O, iye tí ẹni yẹn máa tà á kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú òrombó mọ́.

Bí ilẹ̀ ṣe wá ní iye owó méjì nìyẹn. Ilẹ̀ tó ní C of O jẹ́ ọ̀kan. Ilẹ̀ tó jẹ́ rìsíìtì ìdílé àti ìwé àdéhùn tí Mógàjí tàbí Alángùá fọwọ́ sí, òmíràn ni. Ẹ̀yà ilẹ̀ kan náà, yẹ̀pẹ̀ kan náà, àmọ́ bí ẹ bá gbé méjèèjì lọ sí báńkì, wọ́n á bá ẹlẹ́ẹ̀kan sọ̀rọ̀, wọ́n á sì fún ẹlẹ́kejì ní omi mu. Ẹni tó bá sì ra ilẹ̀ oníwèé, kí ó tó yí ìwé náà sórúkọ ara rẹ̀, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, owó sì wà lórí ìfọwọ́sí yẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa wo wàhálà yìí, wọ́n ní àwọn ò ṣe. Wọ́n ta ilẹ̀ láìṣe ìwé, wọ́n sì tà á ní owó ilẹ̀ aláìníwèé. Ẹni tó rà á ló lọ ṣe ìwé. Nínú iye tó fi tún un tà, èrè ìwé ló pọ̀ jù, kì í ṣe èrè yẹ̀pẹ̀. Mo rò pé ibí yìí gan-an ni owó ti jò mọ́ wa lọ́wọ́ jù lọ, ju ibi tí ìjọba ti gbà á lọ.

Àwọn bàbá mi á bínú sí mi, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà. Nígbà tí olórí ilé bá kú, tí wọ́n fẹ́ pín ogún gẹ́gẹ́ bí ìlànà ẹ̀sìn wa, ìpín oníkálukú ti wà nílẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n ilé kì í ṣe ẹran tí èèyàn lè fọ̀bẹ gé. Ohun tó yá wa lára ni pé ká tà á, ká pín owó. Kò sí ibi tí ẹ̀sìn ti sọ pé dandan ni kí a tà á lọ́dún kan náà, tàbí pé ẹni àkọ́kọ́ tó bá mú owó wá ni kí a tà á fún. Ẹnìkan nínú àwọn ajogún lè ra ìpín àwọn yòókù díẹ̀díẹ̀. Wọ́n lè fi ilé náà rẹ́ǹtì kí wọ́n máa pín owó ilé. Tí ìdílé bá ń kánjú, iye tí wọ́n máa ń tà á kì í jọ iye tí àwọn ará ilé tó kángun sí wọn ń ta tiwọn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ náírà, èyí tí mo fi ṣe àkọlé. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ díẹ̀. Ní 1986, ìjọba Babangida gbé SAP dé. Nígbà tó fi máa di 1990, dọ́là kan ti tó bíi náírà mẹ́jọ. Ní 1999 ó ti lé ní 90. Ní àárín 2015 ó jẹ́ 197. Ní oṣù kẹfà 2023, ìjọba tú náírà sílẹ̀ kó máa wá ipò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí 2024 tó parí, dọ́là kan ti wà ní bíi 1,500.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣe ìṣirò. Ká ní ẹnìkan ra ilé ní mílíọ̀nù 10 ní àárín 2015. Nígbà yẹn, owó náà ju dọ́là 50,000 lọ díẹ̀. Ká ní ó ta ilé yẹn ní mílíọ̀nù 60 ní ìparí 2024. Gbogbo àdúgbò á ní ó ti jèrè ìlọ́po mẹ́fà, wọ́n á ní kó ṣe sàárà. Àmọ́ mílíọ̀nù 60 yẹn, dọ́là 40,000 ni. Ilé náà ti dúró fún ọdún mẹ́sàn-án, páànù rẹ̀ ti gbó, olówó rẹ̀ sì ti pàdánù dọ́là 10,000. Mo mọ̀ pé a kì í fi dọ́là ra ẹ̀wà ní Ìpàtà. Ṣùgbọ́n irin, táìlì, wáyà iná àti díísù inú ọkọ̀ tó kó bílọ́ọ̀kù wá ń tẹ̀lé dọ́là, yálà a fẹ́ tàbí a kọ̀. Ẹ bi bíríkìlà yín.

Sìmẹ́ǹtì, tí a ń ṣe níbí láti inú òkúta ilẹ̀ wa, kò yàtọ̀. Ní oṣù kejì 2024, àpò kan lé ní 10,000 náírà láwọn ibòmíì, ó wá di ohun tí mínísítà ń pe Dangote, BUA àti Lafarge sí ìpàdé lé lórí. Wọ́n fẹnu kò sí 7,000 sí 8,000. Nígbà tí iye owó ilé tuntun bá gòkè báyẹn, ilé àtijọ́ á tẹ̀lé e, torí ẹni tó fẹ́ ta ilé á kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé èló ni wọ́n máa fi kọ́ irú rẹ̀ lónìí.

Ẹ wá gbé owó iṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní 1981, owó oṣù tó kéré jù jẹ́ náírà 125, èyí tó tó bíi dọ́là 200 nígbà náà. Ní oṣù keje 2024, wọ́n sọ ọ́ di 70,000, kò sì tó dọ́là 50 nígbà náà. Tí òṣìṣẹ́ kan ò bá jẹun, tí kò wọkọ̀, tí kò ra káàdì fóònù, owó oṣù rẹ̀ kò lè ra ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́wàá lọ nígbà náà. Bí ìran àwọn bàbá wa ṣe rí ilé kọ́ pẹ̀lú owó tíṣà nìyẹn, tí ìran tiwa ò fi rí i ṣe. Ẹ má sọ fún wa pé ọ̀lẹ ni wá, ẹ jọ̀ọ́.

Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, ibi tí owó iṣẹ́ kù sí ni báńkì ti ń wọlé. Wọ́n á yá ọ lówó ilé, wàá sì fi ọdún 25 tàbí 30 san án. Ìyẹn náà ní ewu tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ní 2008, wọ́n ti yá àwọn tí kò lè san lówó, iye owó ilé já lulẹ̀, ilé sì bọ́ lọ́wọ́ àìmọye èèyàn. Tiwa kò já báyẹn nígbà náà, torí pé kò sí gbèsè lórí ọ̀pọ̀ ilé wa. Owó ọwọ́ la fi ń kọ́ ọ: ìpìlẹ̀ lọ́dún yìí, ògiri lọ́dún mẹ́ta sí i, páànù nígbà tí ọmọ bá rí iṣẹ́. Kì í ṣe pé Nàìjíríà ò gbìyànjú o. Federal Mortgage Bank ti wà láti 1977. Òfin National Housing Fund ti 1992 ní kí òṣìṣẹ́ máa dá náírà méjì àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sínú àpò kan, kí ó lè yáwó ilé ní èlé kékeré. Èlé tó dára ni. Àmọ́ àwọn tó dá owó náà pọ̀ fíìfíì ju àwọn tó rí yá lọ, ẹni tó bá sì fẹ́ yá a gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀ oníwèé, èyí tó tún gbé wa padà sí ọ̀rọ̀ C of O. Ní báńkì ìta, ẹ má tiẹ̀ dé ibẹ̀. Ní ìparí 2024, èlé tí Central Bank fi ń ṣe òdiwọ̀n fúnra rẹ̀ jẹ́ 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún.

Nítorí náà, ta ló ń ra ilẹ̀ wa? Irú èèyàn méjì ni mo rí. Èkíní ni ẹni tí owó rẹ̀ kì í ṣe náírà. Owó tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń fi ránṣẹ́ sílé lọ́dún tó bíi dọ́là bílíọ̀nù 20, apá kan nínú rẹ̀ ló sì ń di bílọ́ọ̀kù. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa ní Peckham àti Houston, mi ò bá yín jà. Àwa náà ń jẹ nínú rẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tó ń tà nílé mọ̀ pé nígbà tó ń rò pé ilẹ̀ òun ti wọ́n, ẹni tó ń fi pọ́ùn rà á ń rí i pé ó ti dínwó ju ti ìgbà Jonathan lọ.

Èkejì ni ẹni tó ń kọ́ ilé fún akẹ́kọ̀ọ́. Ní Tanke, Òkè-Odò, Sanrab àti níbí, ajẹ́ńtì kì í bi yín mọ́ pé ìdílé mélòó ló máa gbé lórí ilẹ̀ kan. Ohun tó máa bi ni iye self-contain tó máa wọ̀ ọ́. Ẹni tó fẹ́ kọ́ yàrá 16 lè san ohun tí ìdílé kan tó fẹ́ kọ́ fúláàtì ò lè san láéláé, torí pé yàrá 16 ló máa bá a dá owó náà padà. Ìyẹn ló jẹ́ kí ilẹ̀ tó wà lọ́nà yunifásítì sá fún àwọn ọmọ bíbí ibẹ̀. Ó sì ní bó ṣe lè dà rú o. Ní oṣù kẹta 2020, nígbà tí ìjọba ti gbogbo yunifásítì pa nítorí kòrónà, akẹ́kọ̀ọ́ kó ẹrù wọn lọ sílé, ògiri yàrá 16 ò sì lè san nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ ó ti rí i pé mi ò sọ iye tí pulọ́ọ̀tì kan jẹ́ ní Basin ní 1980 tàbí 1995. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, iye tí wọ́n ta ilé kọ̀ọ̀kan láti 1995 wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Peckham lè jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kó wo iye tí wọ́n ta ilé tó kángun sí tirẹ̀, láìbi ẹnikẹ́ni. Níbí, ẹnu ajẹ́ńtì ni iye owó ń gbé, ajẹ́ńtì sì ń gba kọmíṣọ̀n lórí iye tó bá sọ. Bákan náà ni gbogbo nǹkan lókè lọ́hùn-ún. Ẹnìkan á ní ilé mílíọ̀nù 17 ni Nàìjíríà ṣe aláìní, òmíràn á ní 22, òmíràn 28. Orílẹ̀-èdè tó ka èèyàn rẹ̀ kẹ́yìn ní 2006, ta ló bá a ka ilé?

Àmọ́ àkọsílẹ̀ wà. Ó wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Alhaja, nínú báàgì rọ́bà tí ìwé Mẹ́kà wà, nínú fáìlì tí bàbá fi ń di ìwé owó orí. Rìsíìtì ilẹ̀ ni, ìwé àdéhùn ilé ni, ìwé owó ilé tí ayálégbé ìgbà Udoji san ni. Bí eku bá jẹ wọ́n tán, ìtàn ìdílé yẹn parí, ẹjọ́ tí wọ́n ìbá fi rìsíìtì náà jà sì bá a lọ.

Ẹ̀ka ọ̀dọ́ fẹ́ kó wọn jọ. A ò fẹ́ ìwé yín lọ́wọ́, ẹ fi í síbi tó wà. Ẹ kàn fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fi bébà bo orúkọ ẹni tó tà á àti ẹni tó rà á àti nọ́ńbà ìwé sọ́fè, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni nínú àwa ọ̀dọ́ tó ń bójú tó gúrúùpù. Ọdún, ìwọ̀n ilẹ̀, àdúgbò àti iye owó nìkan la máa kọ sílẹ̀, a ó sì máa tẹ̀ ẹ́ síbí bó bá ṣe ń wọlé. Àwọn ìdílé tó fẹ́ ta ilẹ̀ lọ́dún yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù kí ẹ wo àkọsílẹ̀ náà ná kí ẹ tó dá ajẹ́ńtì lóhùn. Tí ó bá sì jẹ́ pọ́ùn àti ṣílè ni wọ́n fi kọ tiyín, ẹ má yí i padà sí náírà, bó ṣe wà gan-an la fẹ́ ẹ.